"Ọmọ Ísírẹ́lì" kọ́ ni "Júù": lórí orúkọ àmì-ẹ̀yẹ Wingate

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé kí á máa pe àmì-ẹ̀yẹ Wingate, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1977 fún àwọn ìwé tó dá lórí ohun tó jẹ mọ́ Júù, ní "Ẹ̀bùn Ìwé Àwọn Ọmọ Ísírẹ́lì". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kó wọ inú àkójọ ọ̀rọ̀ tí a ń tú sí Yorùbá.

Inú Bíbélì ni "ọmọ Ísírẹ́lì" ti mọ́ wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n láti 1948, orúkọ orílẹ̀-èdè ni Ísírẹ́lì. Ẹni tó bá ka àbá yìí yóò rò pé àwọn ará ibẹ̀ nìkan ló wà fún. Òǹkọ̀wé David Grossman tó gbà á ní 2011 jẹ́ ará ibẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ Manchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí òǹkọ̀wé Howard Jacobson sí, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì gbà á, ní 2000 àti 2007.

Bí a bá ní kó jẹ́ "ìwé àwọn Júù" ńkọ́? Ìyẹn náà á dà bí ìwé tí Júù kọ. Òǹkọ̀wé Zadie Smith tó gbà á ní 2003 kì í ṣe Júù. Ará Jàmáíkà ni ìyá rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá rẹ̀. Ẹni tí ìtàn inú ìwé rẹ̀ dá lé lórí ló ní ìyá tó jẹ́ Júù. Ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ìdílé òǹkọ̀wé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "Jewishness", ìyẹn ohun tó mú kí Júù jẹ́ Júù, nítorí ìwé tó bá mú òye rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo òǹkàwé ni wọ́n ń wá. Àwọn kan ní "ẹ̀sìn Júù". Rárá o. Ẹ̀sìn ni Pọ́ọ̀lù ń sọ nínú Gálátíà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Júù ni kì í lọ sínàgọ́gù, Júù sì ni wọ́n. Èyí tó bà mí nínú jẹ́ ni "ìwà Júù". Bí Yorùbá bá ti so "ìwà" mọ́ orúkọ ẹ̀yà kan, èébú ló sábà máa ń já sí, èébú tí àwọn èèyàn wọ̀nyí sì ti gbọ́ láyé pọ̀ jù.

"Jíjẹ́ Júù" ni mo fara mọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe "jẹ́" yẹn gan-an la fi ń béèrè pé "Kí lò ń jẹ́?", nítorí náà ó gba ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀, ó gba ẹni tó wọlé bíi Rúùtù, ó sì gba oúnjẹ, àwàdà àti ọ̀fọ̀ tó bá orúkọ náà rìn. Àmọ́ ẹ má fi àmì ohùn rẹ̀ ṣeré: bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò lórí "jẹ́", ó di "jíjẹ Júù", ọ̀rọ̀ burúkú gbáà.

Ní ti "ẹ̀bùn", mi ò bá yín jà, Ẹ̀bùn Nobel ti mọ́ wa lára. Síbẹ̀, ẹni tó bá du nǹkan tó sì borí, ẹ̀yẹ la ṣe fún un.

Àbá tèmi rèé: Àmì-ẹ̀yẹ Wingate fún Ìwé Lórí Jíjẹ́ Júù.