Ikọ̀ ni Kofi Annan, kì í ṣe ajẹ́lẹ̀

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú àròjinlẹ̀.

Olùkọ́ Yorùbá kan láti Ìjerò-Èkìtì ló da ìbéèrè yìí sílẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé Kofi Annan, ọmọ Gánà tó jẹ́ Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti 1997 títí di ìparí 2006. Iṣẹ́ tí ọkùnrin náà fi jẹun, tí Òyìnbó ń pe ẹni tó ń ṣe é ní "diplomat", kí ni ká máa pè é? Ẹnì kan ní aṣojú. Ẹlòmíràn ní onílàjà. Ẹ̀gbọ́n wa kan l'Adó wá dá ajẹ́lẹ̀ lábàá, wọ́n ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ó sì níyì.

Ajẹ́lẹ̀ ni n óò kọ́kọ́ mú, torí ó dùn mí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ilẹ̀ tí a wà. Ajẹ́lẹ̀ ni Ìbàdàn ń fi sórí ìlú tí wọ́n bá ti ṣẹ́gun, láti gba ìṣákọ́lẹ̀ àti láti máa ṣọ́ ọba onílùú. Ìnilára wọn ló mú kí Fábùnmi dìde l'Òkèmẹ̀sí, tó pa ajẹ́lẹ̀ ìlú rẹ̀, tí Èkìtì Parapọ̀ fi kóra jọ, tí ogun Kíríjì fi gbóná. Lóòótọ́, ajẹ́lẹ̀ ń gbé nílẹ̀ onílẹ̀, ó sì ń ṣojú ẹni tó rán an. Ṣùgbọ́n idà ló ṣílẹ̀kùn fún un. Annan kò ní ọmọ ogun kankan tó jẹ́ tirẹ̀, àfi èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè bá yọ̀ǹda. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fi orúkọ ẹni tó ni baba wa lára dá a lọ́lá.

Aṣojú kò burú, ó kàn fẹ̀ jù ni. Aṣojú ta ni? Annan kò ṣojú Gánà rí. Ní 1962 ni ó wọ iṣẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva, ní ipò kékeré nídìí ètò ìnáwó, láti ibẹ̀ ló sì ti ń gòkè. Ìgbà tó padà sílé ní 1974, ètò ìrìn-àjò afẹ́ ló lọ bójú tó, kò sì pẹ́ ọdún mẹ́ta tó fi padà sẹ́nu iṣẹ́ àjọ àgbáyé. (Ẹ̀yin tó ní "akọ̀wé" rẹ Annan sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ti àárín àwọn òṣìṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dé ipò Akọ̀wé Àgbà. Akọ̀wé ni lóòótọ́.)

Onílàjà ló sún mọ́ ọn jù, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà. Lẹ́yìn ìdìbò ìparí 2007, tí wọ́n pa èèyàn tó lé ní 1,000 ní Kẹ́ńyà, Annan ló ṣaájú Graça Machel àti Benjamin Mkapa lọ jókòó ti Ààrẹ Kibaki àti Odinga tó bá a du ipò, títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé ní ọjọ́ 28 oṣù Èrèlé 2008. Ìlàjà gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ti Bakassi, ilẹ̀ etí òkun tí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ń jà lé lórí. Ilé-ẹjọ́ àgbáyé ti dájọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù Ọ̀wàrà 2002 pé Kamẹrúùnù ló ni ín. Kò sí ẹjọ́ láti là mọ́. Ohun tó kù ni bí Nàìjíríà, tó jẹ̀bi, yóò ṣe kó ọmọ ogun rẹ̀ kúrò láìtẹ́, láìsí ogun. Annan pe Ọbásanjọ́ àti Paul Biya, ó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún ìlú méjèèjì, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Greentree ní ọjọ́ 12 oṣù Òkúdù 2006. Kí ni onílàjà fẹ́ sọ nípa irú iṣẹ́ báyìí?

Ikọ̀ ni mo dúró lé. Bíbélì wa ti lò ó: Pọ́ọ̀lù ní ikọ̀ ni àwọn jẹ́ fún Kristi. Ó sì wà nílẹ̀ wa níbí. Ní 1886, gómìnà Èkó rán àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips lọ sí àgọ́ Ìbàdàn àti ti Èkìtì Parapọ̀ láti wá àlàáfíà. Ikọ̀ nìwọ̀nyẹn. Àwọn àgbà sì ti sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ kí Òyìnbó tó dé: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mi ò tíì rí àlàyé iṣẹ́ yìí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ní èdè kankan.

Ọlá ikọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń béèrè ẹni tó rán an. Ní 1998, lẹ́yìn ikú Abacha, Annan wá sí Àbújá, ó rí Abíọ́lá látìmọ́lé. Abíọ́lá, tí wọ́n ti tì mọ́lé láti 1994, kò mọ̀ ọ́n; ó béèrè pé ará Íjíbítì ọjọ́sí ńkọ́, ìyẹn Boutros-Ghali, tí Annan gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Annan jáde, ó ní Abíọ́lá kò rò pé òun yóò kúrò látìmọ́lé bọ́ sórí àga ààrẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù Agẹmọ, Abíọ́lá kú. Bí ẹ bá pè é ní onílàjà níbí, ẹ ti dá a láre. Bí ẹ bá pè é ní ikọ̀, ọmọ ilé-ìwé á béèrè pé iṣẹ́ ta ló wá jẹ́. Ìbéèrè tó yẹ nìyẹn.

Àbúrò wa kan bẹ̀rù pé ikọ̀ yóò fún Annan níbi sá sí lórí ìpakúpa Rùwáńdà, torí òun ni ọ̀gá ẹ̀ka ìpẹ̀tùsíjà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1994. Rárá o. Ìwádìí tí òun fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n ṣe ní 1999 dá àjọ náà lẹ́bi. Ikọ̀ lè dá iṣẹ́ padà fún ẹni tó rán an: ohun tó ṣe ní 2012 nìyẹn, tó fi iṣẹ́ wíwá àlàáfíà fún Síríà sílẹ̀ nígbà tí Ìgbìmọ̀ Ààbò àjọ náà kò fohùn ṣọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. A lè bi ikọ̀ léèrè.

Ní ti àwọn tó ní ikọ̀ ti di ti agbábọ́ọ̀lù: ẹgbẹ́ tí ìlú rán lọ bá ìlú mìíràn díje ni, gbòǹgbò kan náà ni.

Nítorí náà, olùkọ́ wa n'Ìjerò, mo dábàá ikọ̀ àgbáyé fún irú Annan, ikọ̀ orílẹ̀-èdè fún ẹni tí ìjọba kan rán, iṣẹ́ ikọ̀ fún iṣẹ́ náà, àti ilé ikọ̀ fún ọ́fíìsì wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ajẹ́lẹ̀ kúrò kí àwọn ọmọ tó dà á kọ. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn, kó mú un wá, ká fi Bakassi àti Síríà dán an wò.