Káàdì họ́kì kan tí mo bá nínú àpótí: ta ni Grant Fuhr, ṣé ojúlówó sì ni?

Ìyá Télọ̀ Tákíè:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò bàbá mi kan lọ kàwé ní Edmonton, ní Kánádà, níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Wọ́n ti dolóògbé báyìí, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn. Àpótí irin wọn wà nílé wa ní Ọjà Igbó, kò sẹ́ni tó ń ṣí i. Nígbà tí a fẹ́ kun yàrá náà ni mo tú u. Ìwé ẹ̀rí ló wà níbẹ̀, àti lẹ́tà, àti kóòtù òtútù kan tí kòkòrò ti jẹ, àti káàdì kan ṣoṣo tí wọ́n fi sáàárín Bíbélì. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni Grant Fuhr, Edmonton Oilers. Nọ́mbà 105 wà lẹ́yìn rẹ̀, èdè méjì ni wọ́n sì fi kọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì àti èyí tí ọmọ mi ní Faransé ni.

Mo fi tépù wọ̀n ọ́n: ínṣì méjì àbọ̀ sí mẹ́ta àbọ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni etí rẹ̀. Apá ibì kan gún régé, apá ibòmíràn rí jákujàku bí aṣọ tí ọmọṣẹ́ fi àlùmọ́gàjí tí kò mú gé. Ọmọkùnrin kan tó ń ta fóònù nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi ní ayédèrú ni, pé etí yẹn ti tú àṣírí rẹ̀, àmọ́ òun á ṣì fún mi ní ₦15,000. Ọ̀rọ̀ yẹn ò wọ̀ mí létí. Bó bá jẹ́ ayédèrú, kí ló fẹ́ fi ṣe?

Ta ni ọkùnrin yìí? Eré wo ló ń ṣe? Mo sì fẹ́ gbé káàdì náà lọ lamínéètì lọ́dọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà kí èkúté má baà jẹ ẹ́.

Ọmọ Ajílété:
Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lamínéètì nǹkan kan o! Ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n dé. Èmi ò mọ họ́kì, ṣùgbọ́n mo mọ irú ọmọ tó ń ta fóònù yẹn.

Bọ̀dá Edmonton:
Ẹ kú ìtọ́jú ẹrù àwọn àgbà, Ìyá wa. Edmonton ni mo gbé kí n tó padà wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì fojú ara mi rí nọ́mbà 31 ọkùnrin yìí níbi tí wọ́n gbé e kọ́ sókè ní gbọ̀ngàn eré wọn. Láti 2003 ni Oilers ti ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ nọ́mbà yẹn mọ́.

Gókípà ni. Kì í ṣe họ́kì orí pápá tí a mọ̀ níléèwé o. Orí omi dídì ni tiwọn, wọ́n á wọ bàtà onírin mímú, wọ́n á máa fi igi gbá róbà dúdú pẹlẹbẹ kan. Róbà náà ò wúwo ju bíi gíráàmù 170 lọ, ṣùgbọ́n inú fìríìsà ni wọ́n ń mú un ti wá kó má baà máa ta káàkiri. Ó wá le bí òkúta. Ẹni tó dúró síwájú ilé kó lè gbá a mú lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, ẹ bá mi kí i.

Spruce Grove, ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Edmonton, ni wọ́n bí i sí ní 1962. Adúláwọ̀ ni, tọkọtaya òyìnbó ló gbà á tọ́. Ní 1981 tí NHL, líìgì họ́kì ńlá ti Kánádà àti Amẹ́ríkà, ń pín àwọn ọ̀dọ́ fún àwọn ẹgbẹ́, òun ni ìkẹjọ tí wọ́n mú, kò sì tíì pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, ó borí 28, ó ta ọ̀mì 14, wọ́n lù ú lẹ́ẹ̀marùn-ún péré. Ẹ yí káàdì yín padà, sáà 1981-82 yẹn ló yẹ kó wà ní ìlà tó kẹ́yìn.

Ẹ ní káàdì kan ṣoṣo ni àbúrò bàbá yín tọ́jú. Kò yà mí lẹ́nu. Àwọn adúláwọ̀ inú líìgì yẹn nígbà náà, ẹ lè fi ìka ọwọ́ kà wọ́n. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ dé ìlú tí itọ́ fẹ́ẹ̀ máa dì lẹ́nu èèyàn, ó wá bá a pé ọmọ dúdú kan tí kò tó ogún ọdún ni gbogbo ìlú ń pariwo. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn á máa wá ti Wayne Gretzky, ìràwọ̀ Oilers tó lókìkí jù, àwọn fi ti Fuhr sínú Bíbélì. Èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti etí yẹn, ẹ fọkàn balẹ̀. O-Pee-Chee ló tẹ̀ ẹ́, ní ìlú London tó wà ní Ontario. Wáyà ni wọ́n fi ń gé káàdì wọn láyé ìgbà náà, ìdí nìyẹn tí etí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi rí bẹ́ẹ̀. Èdè méjì náà tún jẹ́rìí sí i, torí Kánádà ni wọ́n ń tà á fún. Topps, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ irú káàdì yìí ní Amẹ́ríkà, ò tẹ káàdì họ́kì rárá ní sáà 1982-83 tí tiyín jáde. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín ni káàdì àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún Fuhr nínú líìgì ńlá.

Atẹ̀wé Sábó:
Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ tiyín, ṣùgbọ́n etí jákujàku nìkan ò tó fi lérí. Ẹni tó bá fẹ́ purọ́ lè fọwọ́ ya etí páálí. Inú ìtẹ̀ gan-an ni kí Ìyá wò.

Ìyá, ẹ tọ àwọn tó ń tún aago ṣe lọ, ẹ yá awò kékeré tí wọ́n ń fi sójú. Ẹ wo àwòrán: ẹ óò rí àmì tó-tò-tó kéékèèké, búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú, tí wọ́n tò sára wọn. Bí wọ́n ṣe ń tẹ àwòrán aláwọ̀ nìyẹn. Ẹ wá wo àwọn lẹ́tà dúdú. Nínú ìtẹ̀ ojúlówó, lẹ́tà máa ń dúdú lódindi, etí rẹ̀ á mú. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló fi sikánà ya káàdì tó tún un tẹ̀, lẹ́tà náà á fọ́ sí àmì wẹ́wẹ́ bíi ti àwòrán. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ohun tí mo fi ń dán ojú wọn wò nìyẹn.

Lamínéètì ńkọ́? Iná á mú kí ọ̀rá náà lẹ̀ mọ́ ìwé, kò sì ní ṣí mọ́ láéláé.

Ọmọ 3SC:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo ìtàn ọkùnrin yìí. Gókípà tí góòlù mẹ́ta, mẹ́rin ń wọlé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ń gbé gẹ̀gẹ̀ báyìí? Ká ní Best Ogedegbe ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn, ṣé wọ́n á jẹ́ kó délé?

Bọ̀dá Edmonton:
Àbúrò, ẹ̀yin lẹ ń ka góòlù, ẹ ò wo ẹgbẹ́ tó wà níwájú rẹ̀. Oilers ìgbà náà, iwájú ni gbogbo wọn ń sá lọ, àtẹ̀yìn àtiwájú. Ní sáà 1983-84, góòlù 446 ni wọ́n gbá wọlé, kò sí ẹgbẹ́ tó tíì gbá tó bẹ́ẹ̀ nínú sáà kan di òní olónìí. Àwọn méjì ọ̀tá á wá já bọ́ síwájú Fuhr, òun nìkan á dúró. Bí wọ́n bá na èèyàn ní 7 sí 4, ta ló ń ka 4 yẹn? Òun fúnra rẹ̀ tiẹ̀ ní àsíìsì 14, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó fún ẹlòmíràn tó di góòlù, ní sáà náà, gókípà o!

Ẹ wá wo ọjọ́ tí góòlù wọ́n. 10 May 1984, ìdíje àkọ́kọ́ nínú àṣekágbá. Wọ́n lọ bá New York Islanders nílé, àwọn tó ti gba Kọ́ọ̀pù Stanley, kọ́ọ̀pù ńlá líìgì náà, lọ́dún mẹ́rin léra. Góòlù kan ṣoṣo ni Oilers rí gbá. Fuhr ò jẹ́ kí ìkankan wọlé. 1-0. Oilers gba kọ́ọ̀pù ọdún yẹn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílùú wọn, wọ́n tún gba ti 1985, 1987 àti 1988. Ti 1990 náà wà lórúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bill Ranford ló dúró sílé nígbà yẹn, ká má purọ́.

Ní sáà 1987-88, ìdíje 75 nínú 80 ló ṣe, ó borí 40, wọ́n fún un ní Vezina, ẹ̀bùn gókípà tó dára jù. Ní 1990 líìgì lé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí oògùn olóró, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́. Ó padà wá ní 1991. Nígbà tó dé St. Louis, tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó ṣe ìdíje 79 nínú 82 ní sáà kan. Ṣé orúnkún irin ló ní ni? 403 ló borí kó tó fẹ̀yìn tì. Ní 2003 ó di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà sínú gbọ̀ngàn àwọn olókìkí họ́kì.

Ọmọ 3SC:
Ẹ̀gbọ́n, mo túúbá. 1-0 yẹn ló pa mí lẹ́nu mọ́.

Ìyá Télọ̀ Tákíè:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti dé ọ̀dọ̀ baba aláago. Àwòrán jẹ́ tó-tò-tó lóòótọ́, lẹ́tà dúdú lódindi. Ìlà 1981-82 náà ló kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n igun kan ti tẹ̀, ojú Bíbélì náà sì ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀. Ṣé kí n fi omi rẹ̀ ẹ́ kó lè ṣí? Èló ló sì tó? Ọmọ mi rí i pé wọ́n ta ti Gretzky ní mílíọ̀nù dọ́là.

Bọ̀dá Edmonton:
Omi kẹ̀! Ẹ fi ìwé Bíbélì tó lẹ̀ mọ́ ọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ti Gretzky 1979 tó pé láìlábùkù ni wọ́n tà ní mílíọ̀nù 3.75 dọ́là ní 2021, irú èyí tó pé bẹ́ẹ̀ ò sì pọ̀ láyé. Ẹ má fi wé tiyín. Káàdì Fuhr ò sún mọ́ owó yẹn, igun tó tẹ̀ àti ìwé tó lẹ̀ mọ́ ọn á sì tún bu ún kù. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye rẹ̀, kí ọmọ yín lọ sórí eBay, kó wo iye tí wọ́n *ti tà* irú rẹ̀, kì í ṣe iye tí ẹni tó ń tà ń pè. Ẹnu ò ní gbèdéke lórí eBay. Tèmi ni pé kí ẹ má tà á.

Atẹ̀wé Sábó:
Ìyá, ẹ rọra fi í sínú ọ̀rá tí kì í lẹ̀, kí ẹ wá fi páálí méjì há a, kí ẹ sì gbé e síbi tí oòrùn ò dé. Ọ̀rá tó bá a mu gẹ́lẹ́ wà lọ́dọ̀ mi. Bí ẹ bá gba Sábó kọjá, ẹ yà, n ò gbowó.