Ẹni tó mú wa lọ wo Eredo kò jẹ́ kí fóònù mi sinmi. Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn

Ìyá Fèyí, Ṣómólú: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Ní Sátidé, gbogbo ilé wa lọ sí Òkè-Èrí lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, a lọ wo Eredo, kòtò ńlá tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi ló fún mi ní nọ́ńbà ọmọkùnrin kan níbẹ̀, ó ní ó mọ igbó yẹn bí ẹní mowó.

Ìdájí la kúrò nílé. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Kárà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ìbàfò. Ẹ̀rọ amúlétutù bọ́ọ̀sì tí a háyà ò ṣiṣẹ́. Fèyí bì sára àǹkárá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ télọ̀. A débẹ̀, ọ̀gbẹ́ni ò tíì dé! Nígbà tó dé, ó kó wa wọ igbó, ẹrẹ̀ já okùn sálúbàtà mi. Mi ò ní purọ́, kòtò náà yà mí lẹ́nu: ẹ dúró nísàlẹ̀, ẹ gbójú sókè, ògiri ilẹ̀ pupa lọ́tùn-ún lósì, omi ń sẹ̀ lára rẹ̀, igi ti pàdé lókè.

Ibi sàréè Bílíkísù Sùńgbọ́, ayaba tí wọ́n ní ó ní kí wọ́n gbẹ́ Eredo, ló ti bí mi nínú. Ẹni tó mú wa lọ ní obìnrin ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́! Ọkọ mi àti ọmọkùnrin mi wọlé, èmi àti àwọn ọmọbìnrin mi jókòó síta bí ẹni tó wá ṣọ́ bàtà. Sàréè obìnrin o! Ọmọkùnrin tó mú wa lọ yẹn ló tún ń pè mí láràárọ̀ báyìí. Ṣé kí n dí nọ́ńbà rẹ̀ pa ni?

Mọ́mì Tóbi, Sùúrùlérè: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Nígbà tí àwa gun Olúmọ, ẹni tó ṣáájú wa ń sáré ṣáá, ìyá mi ń pariwo "ẹ dúró kí n mí!" Wọn kì í ro ti àgbà. Ẹ dí i pa jàre.

Ọmọ Alárè, Ìsàlẹ̀ Èkó: Èèwọ̀ ibẹ̀ ni. Obìnrin àti ajá kì í wọ̀ ọ́, kì í ṣe ọmọ yẹn ló ṣòfin. Eredo yẹn gùn tó 160 kìlómítà, ó ga tó 20 mítà níbòmíràn, ẹ wá ń sọ ti sálúbàtà. Ayaba Ṣébà tó lọ bá Sólómọ́nì ló sì wà níbẹ̀.

Alhaji, Múṣín: Ṣébà kẹ̀? Nǹkan bí ọdún 800 sí 1000 ni àwọn kan tó wádìí rẹ̀ ní wọ́n gbẹ́ Eredo. Sólómọ́nì ti kú ju 1,500 ọdún lọ nígbà yẹn. Ṣé ayaba yẹn sùn kó tó wá gbẹ́lẹ̀ ni?

Ọmọ Alárè: Ẹ lọ sọ ìyẹn níwájú àwọn àgbà Òkè-Èrí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Yábàá: Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ sinmi. Ìyá Fèyí, kí ló dé tó ń pè yín? Èló lẹ jọ sọ?

Ìyá Fèyí: Ẹ ṣeun, Mọ́mì Tóbi, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tójú mi rí. Ọmọ Alárè, bó bá jẹ́ èèwọ̀, kí ló dé tí kò sọ kí n tó kúrò l'Ékòó? Ǹ bá kó àwọn ọmọ lọ sí Bàdágírì, kí wọ́n wo ilé alájà tí wọ́n kọ́ parí ní 1845. Àǹtí, owó ìyókù ló ń béèrè. ₦40,000 la sọ, mo ti san ìdajì. Ibi tí mi ò wọ̀, ṣé kí n sanwó rẹ̀ ni?

Mọ́mì Tóbi: Ẹ má san kọ́bọ̀.

Ìyá Ìbejì, Agége: Ẹ san án! Oúnjẹ lèmi ń tà. Àwọn kan á jẹun tán, wọ́n á ní ata pọ̀ jù, wọ́n á gbé àwo òfìfo hàn mí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ṣé ₦20,000 yẹn nìkan ló ń béèrè?

Ìyá Fèyí: Ó ní ₦31,500. Ó ti ro owó ọ̀kadà àti ti oníṣègùn eegun mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ ìyá ọkọ mi ló rọ́ nínú kòtò. Òun ló pọ̀n wọ́n jáde sí títì, ó gbé wọn lọ ibi ìtọ́jú, ó dúró tì wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyàwó rẹ̀ gbé ìkọ́kọrẹ́ wá fún wa. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ní kó sanwó o.

Ọmọ Alárè: Háà!

Ìyá Ìbejì: Ó pọn ìyá ọkọ yín, ẹ wá fẹ́ dí nọ́ńbà rẹ̀ pa?

Mọ́mì Tóbi: Mo ti pa ọ̀rọ̀ mi òkè yẹn rẹ́.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ẹsẹ̀ màmá ńkọ́? Bó bá ṣì wú, ẹ lọ ya fọ́tò eegun rẹ̀. Ilé ìwòsàn eegun Ìgbóbì ò jìnnà sí yín.

Ìyá Fèyí: Wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló ń yọ mí lẹ́nu pé kí n sanwó, wọ́n ní ọmọ dáadáa ni. Owó kọ́ ló ń dùn mí. Kó ṣáà bẹ̀ mí nítorí sàréè yẹn, màá fi ránṣẹ́ lónìí.

Alhaji: Ìyá Fèyí, ẹ bá mi fi nọ́ńbà ọmọ náà ránṣẹ́. Àwa náà fẹ́ lọ lóṣù tó ń bọ̀, ìyá tèmi ò sì lè rìn jìnnà.