AI ní polyp yìí kì í ṣe adenoma: ṣé a lè fi í sílẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́_Endo: Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Bí AI tó wà lára ẹ̀rọ colonoscopy (èyí tí a fi ń wo inú ìfun ńlá) bá ní polyp (èso ara inú ìfun) mìlímítà 4 kì í ṣe adenoma (irú tó lè di jẹjẹrẹ), ṣé a lè fi í sílẹ̀ láì gé e?

Awonú: Ibo ló wà? Bó bá jẹ́ rectum tàbí sigmoid (apá ìparí ìfun ńlá), tí kò ju mìlímítà 5 lọ, tó sì dá ojú tiyín náà lójú, ó ṣeé fi sílẹ̀. Òdiwọ̀n tí ASGE (ẹgbẹ́ àwọn dókítà endoscopy ní Amẹ́ríkà) gbé kalẹ̀ ní 2011 ni pé nínú 100 tí a bá ní kì í ṣe adenoma níbẹ̀, ó kéré tán 90 gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Bó bá jẹ́ apá ọ̀tún ìfun ńlá, ẹ gé e. Ibẹ̀ ni sessile serrated lesion (polyp mìíràn tó lè di jẹjẹrẹ) pọ̀ sí: ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ikun bò ó, ó sì jọ hyperplastic (irú tí kì í sábà léwu). Ẹ̀rọ tó jẹ́ adenoma àti èyí tí kì í ṣe adenoma nìkan ló mọ̀ á kàn jù ú sọ́dọ̀ hyperplastic ni. Cold snare (okùn wáyà tí a fi ń gé polyp) ti tó, ẹ má fi iná sí i.

Ẹ má sì gbàgbé pé àpótí tí ẹ̀rọ ń fi yí polyp ká kì í ṣe ìdájọ́. "Ẹ wo ibí yìí" lásán ló ń wí.

Ọ̀gá_Scope: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwòrán tí kò dáa ló ń ṣi AI lọ́nà jù. Ẹ fọ ikun àti ìgbẹ́ kúrò. Bí ìhó bá pọ̀, ẹ fi sírìnjì ti omi tó ní simethicone (oògùn tó ń pa ìhó) díẹ̀ gba ihò tí forceps (ẹ̀mú kékeré) ń gbà. Ẹ má bù ú sínú ìgò omi scope (ẹ̀rọ colonoscopy náà) o, torí á lẹ̀ mọ́ ọ̀nà omi, fífọ̀ kì í sì í mú un kúrò tán. Ẹ tan NBI (iná tó ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn kedere), ẹ sún mọ́ polyp náà, ẹ dúró jẹ́ẹ́. Bí ìdájọ́ AI bá ń yí padà bí ẹ ṣe ń yí scope, ẹ kà á sí pé kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ má fojú lásán díwọ̀n polyp náà. Ẹ la ẹnu forceps sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ ti mọ bí ẹnu tiyín ṣe fẹ̀ tó. Mìlímítà 7 tí a pè ní 5 ti kúrò nínú òfin òkè yẹn.

Ọmọ_Láàbù: Níbẹ̀rẹ̀ lílo AI, gbogbo polyp ni kí ẹ gé, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí láàbù. Ẹ kọ ìdájọ́ tiyín sílẹ̀ kí AI tó sọ tirẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú fọ́tò kí ẹ tó gé e, torí ẹ̀jẹ̀ á ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ojú tó gbára lé ẹ̀rọ lè kú: nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2025 ní Pólándì, nígbà tí àwọn dókítà ń ṣe colonoscopy láìsí AI lẹ́yìn tó ti mọ́ wọn lára, iye colonoscopy tí wọ́n ti rí adenoma já wálẹ̀ láti ìdá 28.4 sí 22.4 nínú 100.

Akẹ́kọ̀ọ́_Endo: Ẹ ṣé gan-an. Bí AI bá ní kì í ṣe adenoma, tí ojú mi ní òun ni ńkọ́?

Awonú: Ẹ gé e, ẹ fi ránṣẹ́.