Ọdún 14 ni mo fi ń so dish sórí báǹkì, wọ́n ní iṣẹ́ ti tán. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Bọ́lá:
Èkìtì kete o. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mi ò rí oorun sùn.

Iṣẹ́ VSAT ni mò ń ṣe, ìyẹn dish kékeré tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti ara sátẹ́láìtì. Láti 2011 ni mo ti ń so dish sórí òrùlé báǹkì, láti Adó títí dé Òmùò. Ẹni tó bá ti ṣe é rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ ó gbé e gun òkè, ẹ ó máa fi sípánà yí nọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀ nínú oòrùn, ojú yín wà lára mítà, fóònù wà létí, ẹni tó wà ní hub, ibùdó tó ń darí gbogbo dish wa, ń sọ pé "díẹ̀ sí i, díẹ̀ sí i, ó tó!" Kí ọwọ́ yẹ̀ bíńtín báyìí, ẹ ti pàdánù sátẹ́láìtì tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 36,000 lókè. Mo lè dúró nílẹ̀ wo dish kí n sọ fún yín pé atẹ́gùn ti yí i.

Oṣù tó kọjá, wọ́n pe àwa mẹ́fà, wọ́n ní a kú iṣẹ́. Wọ́n ní fáíbà, wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, làwọn báǹkì ń lò báyìí, ibi tí fáíbà ò bá dé, Starlink, íńtánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì ti Elon Musk, ni wọ́n ń gbé síbẹ̀. Nǹkan tí ọmọ ilé-ìwé lè gbé kalẹ̀ tí yóò fúnra rẹ̀ wá sátẹ́láìtì! Ọ̀gá tí mo sùn tì ní ọsibítù nígbà tó ṣàìsàn ò lè pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sọ ọ́ fún mi. Ẹni tí wọ́n wá fi ṣe olórí ní Èkó ni ọmọ kan tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń so kọnẹ́tọ̀ mọ́ wáyà ní 2016. Àna mi ń wò mí bí ọ̀lẹ. Ìyàwó ní kí n lọ máa ro oko kòkó bàbá mi.

Ṣé iṣẹ́ sátẹ́láìtì ti kú pátápátá nìyí?

Ìyá Ìbejì Adó:
Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Olúwa á ṣílẹ̀kùn. Iṣẹ́ yín ò lè kú o. Ṣé ẹ rántí March 2024 tí àwọn wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já létí Ivory Coast? Mo jókòó ti POS láti àárọ̀ dalẹ́, obìnrin kan fẹ́ fa aṣọ mi ya pé mo gbówó òun lẹ́ẹ̀mejì. Títí dòní a kì í kí ara wa. Bí wáyà bá já, òkè náà ló kù.

Ọmọ Ọ̀yẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Èkó ni mo ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tọ̀sán-tòru. Iṣẹ́ ò kú, ó ṣí kúrò lórí òrùlé ni. Sátẹ́láìtì Starlink ò ju nǹkan bíi kìlómítà 550 lọ sókè. Lórí VSAT yín, ìsọfúnni á lọ, á bọ̀, á ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Tiwọn kì í sábà tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Láti January 2023 tí wọ́n ti dé Nàìjíríà làwọn oníbàárà ti ń sá lọ.

Ẹni tí wọ́n ń wá báyìí ni ẹni tó lè so fáíbà, Starlink àti VSAT pọ̀ fún oníbàárà kan, tí ọ̀kan bá kú kí èkejì gbà á lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn fẹ́ routing (dídarí ọ̀nà tí ìsọfúnni ń gbà), Linux tí wọ́n fi ń darí kọ̀ǹpútà, àti Python díẹ̀, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Wọ́n sì ń wá ẹni tó mọ iná sólà. Ìwé wo lẹ ní?

Tíṣà Ìjerò:
Gbogbo ẹ̀dùn ọkàn lẹ sọ, ẹ ò sọ ohun tí ẹ mọ̀ yàtọ̀ sí sípánà. Báwo la ṣe fẹ́ gbà yín nímọ̀ràn?

Bàbá Bọ́lá:
Tíṣà, sípánà yẹn ló tọ́ ọmọ mẹ́ta. Kí òjò Èkìtì rọ̀, kí ẹ wá wo Starlink yẹn. C-band tí mo so, ìgbì rédíò tí VSAT wa ń lò, kì í bẹ̀rù òjò.

Ọmọ Ọ̀yẹ́:
Òótọ́ ni, C-band le lójú òjò. Ṣùgbọ́n ta ló kù tó fẹ́ sanwó rẹ̀? Àwọn ilé-iṣẹ́ sátẹ́láìtì ńlá pàápàá ń para pọ̀: Eutelsat gba OneWeb mọ́ra ní 2023, SES ra Intelsat ní July 2025. Bí méjì bá di ọ̀kan, ẹ mọ̀ pé àga á dín.

Akọni Ìkẹ́rẹ́:
Kí wọ́n dúró de ìjọba. NigComSat-1R, sátẹ́láìtì ìjọba Nàìjíríà, lọ sókè ní December 2011, ọdún 15 ni wọ́n ṣe é fún. Tuntun gbọ́dọ̀ dé, wọ́n á gba èèyàn.

Tíṣà Ìjerò:
NigComSat-1 tó lọ ní 2007 ńkọ́? Kò lò ju ọdún kan àtààbọ̀ lọ tó fi kú lókè. Kí ọmọ èèyàn máa fi ebi dúró de sátẹ́láìtì ìjọba?

Akọni Ìkẹ́rẹ́:
Wọ́n rọ́pò rẹ̀, àbí wọn ò rọ́pò rẹ̀? Ẹ̀yin ẹ máa ń bú ohun tó jẹ́ tiwa.

Ìyá Ìbejì Adó:
Ẹ fi ìjà sílẹ̀. Bàbá Bọ́lá, ìwé wo lẹ ní?

Bàbá Bọ́lá:
Ìwé ẹ̀rí GVF fún àwọn tó ń so VSAT, tí mo gbà ní 2013. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mi ò ní i. Ní 2021 ilé-iṣẹ́ fẹ́ sanwó CCNA, ìwé ẹ̀rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti Cisco, fún èèyàn mẹ́ta, orúkọ mi wà níbẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni mò ń kan páànù ilé mi, mo ní kí wọ́n fi ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ yẹn rọ́pò mi.

Tíṣà Ìjerò:
Ọmọ wo? Èyí tó di ọ̀gá yín?

Bàbá Bọ́lá:
Òun ni. Ó pè mí ní Sunday. Ó ní ipò kan wà níbi tí wọ́n ń so àwọn dish ńlá ilẹ̀ tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, pé wọn ò rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ RF, iṣẹ́ ìgbì rédíò. Òun á máa kọ́ mi ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì nírọ̀lẹ́. Owó rẹ̀ ju èyí tí mò ń gbà lọ. Ó fẹ́ èsì kí Friday tó pé. Mi ò tíì dá a lóhùn. Ẹ̀gbọ́n ló ṣì ń pè mí.

Ìyá Ìbejì Adó:
Háà! Ẹ sì jẹ́ ká máa sunkún látàárọ̀!

Ọmọ Ọ̀yẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín. Àwọn ọmọ tó mọ Python pọ̀ lọ́dọ̀ wa, èyí tó lè di dish mú kí ó má yẹ̀ ò tó nǹkan. Àyè yín ni wọ́n fi pamọ́ yẹn.

Tíṣà Ìjerò:
Ẹ pè é kí ẹ tó jẹun alẹ́.

Bàbá Bọ́lá:
Ojú ló ń tì mí. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé nígbà tí mò ń kọ́ ọ, èmi ló ń fọ aṣọ fún.

Ìyá Ìbejì Adó:
Kò gbàgbé, ìyẹn ló ṣe pè yín.

Bàbá Bọ́lá:
Mo ti pè é. Ó pariwo débi tí ìyàwó mi gbọ́. Ó ní kí n mú mítà mi dání, pé tiwọn ti bàjẹ́. Ọmọ Ọ̀yẹ́, subnetting, bí wọ́n ṣe ń pín àdírẹ́sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ló ní kí n kọ́kọ́ kà kí n tó dé. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ yìí? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná wá.