Ìwé wo ni kí n fi kọ́ ọmọ mi nílé ní kíláàsì kẹsàn-án?

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Houston la wà. Láti kíláàsì kẹta ni mo ti ń kọ́ àkọ́bí mi nílé. Ní oṣù kẹjọ yìí ni yóò bẹ̀rẹ̀ ọdún àkọ́kọ́ ní háískùùlù, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Òfin Texas kò le: ìwé kíkà, sípẹ́lì, gírámà, ìṣirò àti ẹ̀kọ́ ọmọ ìlú rere ló ní ká kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n yunifásítì á béèrè àkọsílẹ̀ máàkì ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èmi náà ni n ó sì kọ ọ́.

Ìṣirò ló ń dà mí láàmú jù. Saxon, ìwé ìṣirò tí a ti ń lò, máa ń yẹ iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá wò nínú gbogbo ẹ̀kọ́. Ó dára fún ọmọ tó ń tètè gbàgbé, àmọ́ ó ti sú ọmọ mi. Omijé ló fi parí ti èṣí. Khan Academy, ìkànnì ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ò gba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó lè dá jókòó ti kọ̀ǹpútà ló wà fún, tèmi ò tíì tó bẹ́ẹ̀. Báyọ́lọ́jì ńkọ́?

Mo tún fẹ́ kí Yorùbá jẹ́ èdè kejì tí yóò kọ́. Báwo lẹ ṣe kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ tiyín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, èwo lẹ lò, èwo lẹ kábàámọ̀?