Ọdẹ ń lu irin, ta ló ń gbọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń yẹ kóòdù ẹlòmíì wò, ẹ gbọ́ tèmi, torí díẹ̀ ló kù kí n fi orúkọ mi sábẹ́ ohun tí ì bá dójú tì mí.

Ilé iṣẹ́ kan (mi ò ní dárúkọ wọn) ń ṣe àpótí kékeré tí wọ́n ń gbé sídìí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó ń wo iye epo tó kù nínú jẹnẹrétọ̀ àti bí bátìrì ṣe rí. Linux ló wà nínú ẹ̀. Òpó míì wà lápá Òkè-Ògùn lọ́hùn-ún tó jẹ́ pé bí àpótí yẹn bá dákú, àfi kí ẹnì kan gun ọ̀kadà lọ tẹ bọ́tìnnì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi chip watchdog sí i. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ rántí ọdẹ àdúgbò tó ń lu irin lóru kí ará ilé lè mọ̀ pé kò sùn. Kọ̀ǹpútà ló ń lu irin, chip ló ń tẹ́tí. Bí chip ò bá gbọ́ irin títí àkókò tí wọ́n dá fún un fi pé, á pa kọ̀ǹpútà, á tún un tàn.

Àbúrò kan ló kọ driver ẹ̀, ìyẹn kóòdù tí Linux fi ń bá chip yẹn sọ̀rọ̀. Kóòdù tó mọ́ tónítóní! checkpatch.pl, ètò tó ń yẹ bí wọ́n ṣe to kóòdù wò, ò rí nǹkan kan sọ. Àwọn iṣẹ́ tó yẹ kí driver ṣe, start, stop, ping (irin lílù), set_timeout (dídá àkókò), gbogbo ẹ̀ pé. Ó ní òun ti dán an wò: òun fi sí ìṣẹ́jú àáyá 5, òun ò lu irin mọ́, board sì tún ara ẹ̀ tàn. Èmi náà fẹ́ dán an wò lórí board tèmi kí n tó kọ "Reviewed-by" (pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò), ni wọ́n bá mú iná. Mo kúkú mú bírò, mo ṣí datasheet, ìwé tó ṣàlàyé chip náà.

Aago chip yẹn ń ka 32768 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Register, àyè inú chip tí wọ́n ń kọ àkókò sí, bit 16 péré ló ní, kò lè gbà ju 65535 lọ. Ìyẹn ò pé ìṣẹ́jú àáyá 2. Àbúrò wa wá ń fi 32768 sọ ìṣẹ́jú àáyá 60 di púpọ̀, ó ń ti èsì ẹ̀ sínú u16, àyè bit 16 tí nọ́ńbà tó bá ju 65535 lọ máa ń padà bẹ̀rẹ̀ láti òdo nínú ẹ̀. Mo ṣe é lórí ìwé: 1966080. Mo fi 65536 pín in: 30 géérégé, kò ṣẹ́ kù. Òdo ló ń wọ register! Nínú datasheet chip náà, òdo ni wọ́n fi ń pa á. Irin ń dún, òwú ti dí etí ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ.

5 tó fi dán an wò ńkọ́? 163840. Ẹ yọ 65536 méjì kúrò, ó ku 32768, ìṣẹ́jú àáyá 1. Board tún ara ẹ̀ tàn lóòótọ́, àmọ́ ó yá ju bó ṣe yẹ lọ, ta ló sì gbé aago dání? Iye tí kò ṣeé fi 2 pín, ìṣẹ́jú àáyá 1 ló máa fún yín. Èyí tó ṣeé pín, òdo. 60 tí gbogbo wa máa ń fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ṣeé pín.

Mo pè é. Mi ò jágbe mọ́ ọn, èmi náà ti fẹ́ fọwọ́ sí i. Ó ní ṣé kí òun kàn fi max_timeout (àkókò tó pọ̀ jù tí ètò lè béèrè) sí 1. Mo ní rárá, max_hw_heartbeat_ms (bí chip ṣe lè dúró pẹ́ tó láìgbọ́ irin, ní ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) ni kó lò, kó kọ 1999 sí i, kó má sì jẹ́ kí ohunkóhun tó ju 65535 wọ register. Watchdog core inú kernel (ọkàn Linux) á máa bá wọn lu irin fún chip, ètò tó wà lókè (èyí tó ń wo epo àti bátìrì) á ní 60 tiẹ̀. Bí ètò yẹn bá dákẹ́ fún 60, core náà á dákẹ́. v2, kóòdù tó tún ṣe, dé lọ́jọ́ kejì. Mo jókòó ti board, mo gbé aago dání bí ẹni tó ń wo eré ìje. Ó pé bíi 60, ó kú, ó jí. Ìgbà yẹn ni mo tó kọ orúkọ mi.

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọpọlọ. Tèmi, U-Boot, ètò tó ń gbé kernel dìde, ló ti tan watchdog kí kernel tó jí. Driver wa ò yẹ̀ ẹ́ wò, kò fi WDOG_HW_RUNNING (àmì pé chip ti ń ṣiṣẹ́) sọ fún core, torí náà kò sẹ́ni tó ń lu irin títí ètò wa fi máa ṣí /dev/watchdog (ẹnu ọ̀nà sí watchdog). Lórí tábìlì mi, ó ń yára jí, kò sí wàhálà. Lọ́dọ̀ oníbàárà, dísíìkì ti kún, fsck tó ń yẹ dísíìkì wò ń wọ́, chip pa á, fsck tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi ń bú páwà. Set_bit kan ṣoṣo, ìlà tó gbé àmì yẹn sókè, ló yanjú ẹ̀.

—

Ẹ̀yin ń sọ driver. Tiwa, driver dáa, chip dáa. Ẹni tó kọ ètò orí ẹ̀ ló gbé irin lílù fún thread ọ̀tọ̀ (ẹ̀ka ètò tó ń dá ṣiṣẹ́) tí kò níṣẹ́ míì. Thread tó ń ka mítà ti há fún ọjọ́ mọ́kànlá, irin sì ń dún gbọngan-gbọngan. Bàbá ọdẹ ti sùn, ó gbé irin fún ọmọ ẹ̀.